Ọkọ̀ Tó Rọ̀ Sábẹ́ Irin: Ẹ Ti Oríta Bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ni wá, a wà ní ọdún ìkẹyìn nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì kan ní Kalifọ́níà. Iṣẹ́ tó kàn wá ni bógì (férémù tó gbé àwọn wíìlì) àti apá ìdarí (apá tó ń yan ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ máa gbà ní oríta) fún ọkọ̀ kékeré elérò mẹ́rin tí kò ní awakọ̀, tí yóò máa rìn ní rírọ̀ lábẹ́ ọ̀nà irin tí wọ́n gbé sókè. Àwọn tó ṣe é lọ́dún tó kọjá ṣe àwòṣe tó jẹ́ ìdá kan nínú méjìlá, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwa ni kí á ṣe ti gidi. Ṣé kí á kàn sọ gbogbo ìwọ̀n wọn di ìlọ́po méjìlá ni? Irin wo ló yẹ ká lò, báwo la sì ṣe máa mọ̀ pé kò ní já?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má sọ ọ́ di ìlọ́po méjìlá. Tí gígùn, ìbú àti gíga bá di ìlọ́po 12, ojú irin tó ń gbé ẹrù á di ìlọ́po 144, ṣùgbọ́n ìwúwo á di ìlọ́po 1,728. Ẹrù tó ń wọ mílímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ti di ìlọ́po 12 nìyẹn. Ọkọ̀ tó máa wọn 1,000 kílò, àwòṣe rẹ̀ kò ju 0.58 kílò lọ, kò sì sí ike tí kò lè gbé ìyẹn. Nítorí náà, pé àwòṣe kò já kò sọ nǹkan kan nípa agbára ti gidi.

Ọ̀rọ̀ eré sísá tún wà níbẹ̀. Ohun tó rọ̀, tó ń jù síwá sẹ́yìn, eré rẹ̀ kì í tẹ̀lé 12, 3.46 ló ń tẹ̀lé, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tó fi di 12. Bí àwòṣe ọdún tó kọjá bá ń rin ìdajì mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 1.7 mítà ló dúró fún lórí ọkọ̀ gidi, eré ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn bó ṣe sáré tó kí ẹ tó gbà pé ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí àwòṣe tó lè dúró fún ọkọ̀ tó ń sá mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá (kìlómítà 36 ní wákàtí), ó gbọ́dọ̀ máa sá nǹkan bíi 2.9 mítà.

Ẹ má jù ú nù ṣá. Ìrísí àti ètò ni àwòṣe wúlò fún: bóyá wíìlì ń gba oríta kọjá láìkọlu nǹkan, bóyá kọ̀ǹpútà ń pàṣẹ lásìkò, bóyá apá ń yí dé ibi tó yẹ. Ẹ máa fi dán ètò kọ̀ǹpútà yín wò títí di òpin ọdún. Ẹ kàn má gbé e sílẹ̀ sínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, torí ike PLA, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ àwòṣe, ti ń rọ̀ bó bá ti tó nǹkan bíi dígírì 60.

Ní ti irin tí ẹ bèèrè, àkókò rẹ̀ kò tíì tó. Oríta ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ìwọ̀n yòókù ti ń jáde: bí bógì ṣe máa fẹ̀ tó, ibi tí wíìlì máa wà, bí apá ìdarí ṣe máa nípọn tó. Lórí ọ̀nà tó lọ tààrà, ọkọ̀ tó rọ̀ kì í fún èèyàn ní wàhálà púpọ̀.

Oríṣi oríta méjì ló wà láyé. Nínú èyí àkọ́kọ́, ọ̀nà fúnra rẹ̀ ló ń yí. Bí wọ́n ṣe ṣe é ní Shonan láti 1970 àti ní Chiba láti 1988 ní Jàpáànù nìyẹn: irin kan wà nínú ọ̀nà tó ń sún láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì kí ọkọ̀ tó dé. Ó dára fún ọkọ̀ ńlá tó ń dé lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú mélòó kan. Àmọ́ bí ọkọ̀ kéékèèké bá ń tẹ̀lé ara wọn ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀díẹ̀, irin ńlá yẹn kò ní ráyè yí, kó tì, kí ó sì fi hàn pé òun ti tì, kí ọkọ̀ kejì tó dé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ìdarí sínú ọkọ̀ ní Morgantown, West Virginia, tó ti ń gbé èrò láti 1975: ọ̀nà kì í mira, ọkọ̀ ló ń yan ẹ̀gbẹ́ tó fẹ́ fara tì. Ti Morgantown ń fi táyà rìn lórí kọnkéré, kò rọ̀. Èyí tó sún mọ́ tiyín jù ni Spartan Superway tí San José State University bẹ̀rẹ̀ ní 2012, níbi tí ọkọ̀ ti rọ̀ sábẹ́ irin, tí pánẹ́ẹ̀lì oòrùn sì wà lókè ọ̀nà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kan sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú wọn.

Gbígbé ìdarí sínú ọkọ̀ mú kí ọ̀nà rọrùn, kó sì dín owó rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n orí bógì ni ìnira náà gbà lọ. Ẹ fojú inú wo ọ̀nà náà gẹ́gẹ́ bí àpótí irin gígùn tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lanu. Ètè méjì ló wà nísàlẹ̀ àpótí, ọ̀tún àti òsì, àwọn ni wíìlì ń rìn lé. Ọ̀pá tó gbé ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ gba àlàfo àárín wọn. Níbi oríta, àlàfo yẹn pín sí méjì. Bí ọkọ̀ bá ń lọ sí òsì, ètè òsì á máa bá a lọ láìjá, ṣùgbọ́n àlàfo ọ̀nà ọ̀tún á gé ètè ọ̀tún. Wíìlì ọ̀tún á sì wà lófuurufú.

Báwo ni ibi tó gé yẹn ṣe gùn tó? Ká ní ọ̀nà kan lọ tààrà, èkejì sì tẹ̀ pẹ̀lú òbírí tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ mítà 30. Ká ní àlàfo fẹ̀ tó mílímítà 120, wíìlì fẹ̀ tó 60, ó sì jìnnà sí àárín bógì ní mílímítà 250. Ibi tí wíìlì kò ti ní rí ilẹ̀ tẹ̀ dáadáa á gùn tó nǹkan bíi mítà kan àti ààbọ̀. Kò sí wíìlì oní-200 mílímítà tó lè fo ìyẹn. Bí rédíọ́ọ̀sì bá ṣe ń tóbi sí i kí èrò lè gbádùn ìrìn, bẹ́ẹ̀ ni ihò yẹn ń gùn sí i.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà nìyí. Orúkọ náà, apá ìdarí, ló ń tàn wọ́n jẹ. Wọ́n rò pé ó kàn ń nawọ́ sí ibi tí ọkọ̀ máa lọ, wọ́n wá fi irin tín-ín-rín ṣe é. Ní oríta, bógì dà bí ẹni tó fi ọwọ́ kan ṣoṣo rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi: apá ìdarí ni ọwọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀.

Ọkọ̀ òfìfo pẹ̀lú bógì rẹ̀, 600 kílò. Èrò mẹ́rin pẹ̀lú ẹrù wọn, 100 kílò kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ 1,000 kílò, bógì méjì ló gbé e, nítorí náà nǹkan bíi 5,000 Newton ló wà lórí bógì kọ̀ọ̀kan (Newton la fi ń wọn ipá, ìwúwo kílò kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ Newton 10). Ọkọ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́, ó ń gbọ̀n, ó ń kọsẹ̀ níbi tí irin ti so pọ̀. Ẹ fi 1.5 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 7,500. Wíìlì òsì nìkan ló ń gbé e báyìí, ó sì wà ní mílímítà 250 sí àárín. Ipá tó fẹ́ dojú bógì dé jẹ́ 7,500 lọ́nà 0.25, ìyẹn 1,875 Newton-mítà. Ohun tó ń dì í mú ni wíìlì ìtọ́nà òkè, èyí tó wà lẹ́nu apá ìdarí, tó kọ́ ẹ̀yìn irin ìtọ́nà (irin tó gba ẹ̀gbẹ́ inú àpótí lọ), àti ti ìsàlẹ̀ tó ń tì ògiri àpótí. Bí òkè àti ìsàlẹ̀ bá jìnnà síra ní mílímítà 400, ẹ fi 0.4 pín 1,875: nǹkan bíi 4,700 Newton. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwúwo ìdajì ọkọ̀, lórí ohun tí ẹ rò pé atọ́ka lásán ni.

Ẹ wá wo ohun tí ìyẹn ń ṣe fún irin. Ká ní apá yẹn yọ jáde ní mílímítà 150 láti ibi tí a so ó mọ́. Bí ẹ bá gé e láti ara irin tó nípọn ní mílímítà 20, tó sì ga ní 50, Newton 85 ló máa wọ mílímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan níbi gbòǹgbò rẹ̀. Irin A36 tí wọ́n ń tà káàkiri Amẹ́ríkà kì í tẹ̀ kó má padà sípò àfi tó bá di nǹkan bíi 250, nítorí náà ìlọ́po ààbò yín fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 3. Bí ẹ bá lo 12 lọ́nà 40, ó di 220: kò tíì tẹ̀, ṣùgbọ́n kò ku nǹkan kan. Bí ẹ bá lo 10 lọ́nà 30, ó di 470, á tẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìdáhùn ìbéèrè yín nípa irin nìyí: A36 tó nípọn dáadáa tó. Ẹ má náwó sórí irin olówó ńlá kí ẹ tó mọ ibi tí ẹrù ń gbà.

Ìdí mìíràn tún wà tí irin olówó ńlá kò fi ní gbà yín, òun ni àárẹ̀ irin. Ọkọ̀ tó bá gba oríta 300 ìgbà lójúmọ́, láàárín ọdún mẹ́wàá apá yẹn á ti gbé ẹrù sílẹ̀, gbé e sókè, ju mílíọ̀nù kan ìgbà lọ. Ojú ibi tí wọ́n ti fi iná jó irin pọ̀ ni àárẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, irin líle kò sì mú kí ojú jíjó pẹ́ ju ti irin lásán lọ. Nítorí náà, ẹ má jó nǹkan kan mọ́ gbòǹgbò apá, níbi tí ipá ti pọ̀ jù. Ẹ gé gbogbo apá láti ara pátákó irin kan ṣoṣo, kí ẹ sì fi pínnì àti bẹ́ríìnì so ó. Kọ̀rọ̀ inú gbọ́dọ̀ rí roboto, rédíọ́ọ̀sì mílímítà 6 ó kéré tán. Bó bá di dandan kí ẹ jó o, ẹ gbé ojú jíjó lọ sí ibi tí ipá ti kéré, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí ṣe é, kì í ṣe ẹni tó kọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nínú yín.

Pínnì tó so ọ̀pá mọ́ bógì rọrùn láti ṣírò. Ẹ rò ó pé ọ̀pá kejì ti já, tí ọ̀kan ṣoṣo wá ń gbé gbogbo ọkọ̀, pẹ̀lú 1.5 tiwa: 15,000 Newton. Pínnì oní-16 mílímítà tí ètí méjì dì mú ní ojú gígé méjì, ó ń gba nǹkan bíi Newton 37 lórí mílímítà onígun mẹ́rin. Kò burú rárá. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé wọ́n lo bóòtù tí ibi eléyín rẹ̀ wọ inú ihò, tó jẹ́ pé orí eyín bóòtù ni ẹrù jókòó lé. Ibi tó dán lára bóòtù ló gbọ́dọ̀ wà nínú ihò.

Ní ti wíìlì ìtọ́nà, ẹ lo bẹ́ríìnì 6205 méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ihò 25, ìta 52, fífẹ̀ 15 mílímítà, ó wà ní ọjà gbogbo. Bẹ́ríìnì 6004, tó kéré sí i, á dà bí ẹni tó tó nínú ìwé àkójọ, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ nígbà tó dúró sójú kan sún mọ́ 4,700 yẹn jù. Ẹ tún rántí pé wíìlì yẹn kò yí rárá kó tó kan irin ìtọ́nà. Ní mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá, wíìlì oní-100 mílímítà gbọ́dọ̀ dé nǹkan bí ìyípo 1,900 ní ìṣẹ́jú kan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ yọ̀, á jó rọ́bà rẹ̀ lójú kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ẹ ó máa gbọ́ kò-kò-kò. Ohun tó ń dín in kù ni kí ẹnu irin ìtọ́nà ṣí sílẹ̀ bí ẹnu àrọ, kó wá máa sún mọ́ wíìlì díẹ̀díẹ̀ láàárín mítà kan tàbí méjì. Ẹ fi àyè mílímítà 4 sílẹ̀ láàárín wíìlì àti irin. Bó bá kéré jù, ooru á mú kó há. Irin tó gùn ní mítà 12 ń gùn sí i ní mílímítà 4.3 bí ooru bá fi dígírì 30 lọ sókè. Bó bá pọ̀ jù, ọkọ̀ á já lulẹ̀ kọ́ù lórí irin ìtọ́nà ní gbogbo oríta. Ẹ tún ṣọ́ jíjẹ́gẹ́jẹ́gẹ́ pínnì: oríkèé mẹ́rin, mílímítà 0.2 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí gígùn apá sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ti di 2.4 mílímítà ní ẹnu apá. Ó ti jẹ ju ìdajì àyè tí ẹ ní lọ.

Ó wá ku ohun tó máa yí apá náà. Ohun tó máa ń wá síni lọ́kàn ni ọ̀pá oníná tó ń nà, tó ń súnkì, irú èyí tí wọ́n ń fi sórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ẹ wo eré rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Púpọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú ń rin mílímítà 10 péré ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí apá yín bá nílò mílímítà 100, ìṣẹ́jú àáyá 10 nìyẹn, ọkọ̀ á sì ti rin mítà 100. Èyí tí a máa ń fẹ́ràn jù ni ẹ́ńjìnnì oníná kékeré tó ní jíà, tó ń yí kíráǹkì (apá kékeré tó ń ti ọ̀pá síwá sẹ́yìn) ní ìdajì òbírí: ìyípo 30 ní ìṣẹ́jú kan ti tó láti parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹwà rẹ̀ ni pé ní ìparí ìdajì òbírí, kíráǹkì àti ọ̀pá rẹ̀ wà lórí ìlà kan náà. Bí apá bá fi gbogbo 4,700 Newton tì í padà, kò lè yí kíráǹkì náà. Ẹrù kò dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì rárá, àwọn pínnì ló ń gbé e. Ẹ fi sípíríǹgì kún un tí yóò máa fà á kúrò ní àárín sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí èkejì, kó má bàa sí ibi tó lè dúró sí láàárín bí iná bá lọ. Àárín ni ikú wà: bí apá kò bá kọ́ òsì, tí kò sì kọ́ ọ̀tún, kò sí ohun tó dì bógì mú nígbà tí ètè bá gé.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti dé ibi tó yẹ? Sẹ́ńsọ̀ méjì ní ìparí kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ so wọ́n kó jẹ́ pé bí wáyà bá já, ohun tí kọ̀ǹpútà máa rí ni "kò tíì tì", kì í ṣe "ó ti tì". Kí sẹ́ńsọ̀ máa wo apá fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ló ń wò, ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ àárín jíà (irin kékeré tó dì jíà mọ́ ọ̀pá rẹ̀) bá gé, ẹ́ńjìnnì á yí, apá á wà níbi tó wà, sẹ́ńsọ̀ á sì máa sọ pé àlàáfíà ni. Bógì méjèèjì tún gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan. Bí ti iwájú bá lọ sí òsì tí ti ẹ̀yìn lọ sí ọ̀tún, ọkọ̀ á dábùú oríta. Bí kò bá sí ẹ̀rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti bógì méjèèjì, kí bíréèkì mú un.

Ìyẹn ló sì ń sọ ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí apá. Ní mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá: yíyí gba mítà 10, yíyẹ̀wò gba mítà 2, bíréèkì pàjáwìrì tó ń fi mítà 2.5 ní ìṣẹ́jú àáyá dín eré kù ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan gba mítà 20. Àpapọ̀ 32. Ẹ fi nǹkan kún un, kí àṣẹ jáde ní mítà 40 sí oríta. Bí ètò kọ̀ǹpútà ọdún tó kọjá bá ń pàṣẹ ní ibi tó jìnnà tó mítà kan lórí àwòṣe, mítà 12 nìyẹn lórí ti gidi, kò tó.

Ẹ jẹ́ kí n tètè kọjá lórí wíwa ọkọ̀, torí ó hàn pé àwọn mìíràn ló ni ín, ṣùgbọ́n ó kan wíìlì yín. Láti gbé 1,000 kílò síwájú kí eré rẹ̀ máa fi 1.25 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá pọ̀ sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìnira wíìlì àti afẹ́fẹ́, ẹ nílò nǹkan bíi 1,550 Newton. Bó bá jẹ́ ìdajì wíìlì ló ń wakọ̀, 5,000 Newton ni wọ́n fi tẹ irin mọ́lẹ̀. Rọ́bà polyurethane ara wíìlì lórí irin tí òjò ti rin lè máà dì mú ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ: 1,000 Newton. Wíìlì á yọ̀. Nítorí èyí ni Shonan, Chiba àti H-Bahn tó wà ní yunifásítì Dortmund ní Jámánì láti 1984 fi ń sá inú àpótí, kí òjò má dé ojú ìrìn. Tí ọ̀nà tiyín bá ṣí sókè, wíìlì gbogbo ló gbọ́dọ̀ wakọ̀, tàbí kí ẹ dín eré kù. Ẹ tún má jẹ́ kí ọkọ̀ tó kún sùn mọ́jú lójú kan: polyurethane máa ń tẹ̀ pẹrẹsẹ. Ibi tí ó ti ń kú jù ni ibi tó ti lẹ̀ mọ́ irin àárín rẹ̀, nítorí ooru tó ń kó sínú rẹ̀ bó ṣe ń yí.

Ọkọ̀ tó rọ̀ ń jù. Ní kọ̀rọ̀ oní-30 mítà, bí ẹ kò bá dín eré kù láti mítà 10, á jù sí ẹ̀gbẹ́ ní dígírì 19. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá wà ní mítà 2 sí oríkèé, á yà kúrò ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 65. Ẹ wọn ìyẹn sí òpó tó sún mọ́ ọn jù kí àwọn oníkọnkéré tó gbẹ́lẹ̀. Pẹ̀lú afẹ́fẹ́, ọkọ̀ òfìfo ló burú jù, èyí sì máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ní mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá, tó kọlu ẹ̀gbẹ́ tó tó mítà onígun mẹ́rin 5, ń ti ọkọ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi 1,440 Newton. Ọkọ̀ tó kún á yà ní dígírì 8, òfìfo á yà tó 14. Ẹ ṣírò àwọn oríkèé yín fún méjèèjì.

Ẹ ó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà wo ipá inú irin, kò sì burú, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ọwọ́ ṣe ìṣirò òkè yìí ni. Bí èsì kọ̀ǹpútà bá yàtọ̀ sí ti ọwọ́ ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, ẹ má tẹ̀ síwájú títí ẹ ó fi mọ ìdí. Ohun tó sábà ń fà á ni pé ẹ ti di ihò pínnì pinpin bí ẹni pé kò lè yí, tàbí pé àwọ̀ pupa ńlá, àmì pé ipá pọ̀, wà ní kọ̀rọ̀ tí kò rí roboto. Kọ̀ǹpútà máa ń pín irin sí ègé kéékèèké kó tó ṣírò; bí ẹ bá ń dín ìwọ̀n àwọn ègé yẹn kù, nọ́ńbà kọ̀rọ̀ yẹn á máa lọ sókè láìdúró, kò sì túmọ̀ sí nǹkan kan. Ẹ gé ègé sí ìdajì lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ńbà tó dúró ni kí ẹ gbà.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Irin kì í sábà dí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ tó bí ibi tí iṣẹ́ ẹgbẹ́ kan ti kan ti èkejì. Ẹgbẹ́ ọ̀nà ya àlàfo 120, ẹgbẹ́ bógì ya ọ̀pá 125, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ títí di oṣù kẹrin. Ẹ kọ ojú ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo ẹgbẹ́ máa buwọ́ lù: fífẹ̀ àlàfo, gíga inú àpótí, ibi tí irin ìtọ́nà wà, ìwúwo tó pọ̀ jù, eré tó ga jù, irú iná àti wáyà, ibi tí àṣẹ ti ń jáde. Ẹni kan ni kó máa tọ́jú rẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé bí nọ́ńbà kan bá yí padà, ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó yí i wà níbẹ̀. Ọdún ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó parí ní oṣù karùn-ún. Kí àwòrán iṣẹ́ ti parí, kí ẹ má sì yí i mọ́, kí ẹ tó lọ ìsinmi Kérésìmesì. Kí ẹ ti ra ohun èlò nínú oṣù kìíní, torí ọ́fíìsì ìrajà yunifásítì kì í yára. Ní oṣù kẹta, gbogbo ẹgbẹ́ ló máa tò síwájú ẹ̀rọ ìgéérin kan náà. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ìkẹyìn sílẹ̀ fún ìdánwò nìkan.

Nígbà tí ẹ bá ń so ó, bóòtù M12 onípele 8.8 ń fẹ́ nǹkan bíi 88 Newton-mítà bí eyín rẹ̀ bá gbẹ. Ẹ lo nọ́ọ̀tì tó ní ike nínú, ẹ má lò ó lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi kíkùn fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin, kí ojú lè rí i bó bá yí. Kí ọkọ̀ tó rìn, ẹnì kan ní láti rin gbogbo ọ̀nà náà wò, kó ka gbogbo irinṣẹ́ padà sínú àpótí wọn. Ní Wuppertal ní Jámánì, níbi tí ọkọ̀ ti ń rọ̀ lábẹ́ irin láti 1901, irin ìdìmú kan tí àwọn òṣìṣẹ́ gbàgbé sórí ọ̀nà ló já ọkọ̀ sínú odò ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin 1999, èèyàn márùn-ún sì kú. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló kọlù ú.

Ìdánwò fúnra rẹ̀: ẹ so ṣéènì ààbò mọ́ ọkọ̀ lọ́tọ̀, èyí tí kò kan bógì, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró lábẹ́ rẹ̀. Ẹ lo dírọ́ọ̀mù omi. Ti lítà 200 ń wọn nǹkan bíi 200 kílò, ẹ sì lè máa bù ú sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé ẹrù dé 1,500 kílò àpapọ̀, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tú u, kí ẹ sì wọn bóyá gbogbo nǹkan padà sí ipò tó wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé bógì sórí oríta, níbi tí ètè ti gé gan-an, kí ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ kan lófuurufú, òsì lákọ̀ọ́kọ́, kó tó kan ọ̀tún. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìrìn: òfìfo ní mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ máa fi mítà kan kún un. Ní eré kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan yọ wáyà sẹ́ńsọ̀ kan kí ọkọ̀ tó dé ibi àṣẹ. Bí kò bá dúró fúnra rẹ̀ kó tó dé oríta, ẹ kò tíì lè gbé eré sókè.